Kò Sí Góòlù Tó Jọ̀lọ̀: Ọ̀rọ̀ Ihò Inú Ìpele Tó Nípọn Bíi Mólékù Kan

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, mo mú òrùka ìyá mi lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ góòlù kan nítòsí ọjà Òkè-Àjẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òrùka náà ti ṣá. Bàbá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbo ó, ó fi aṣọ òwú nù ún, ó tún nù ún, títí ó fi ń kọ mànà. Mo gbà á, mo ń fi àtàǹpàkò pa á lójú.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá. Ó mà ti jọ̀lọ̀."

Bàbá ò dáhùn. Ó yọ dígí kótópó tó máa ń há mọ́jú, ó nà án sí mi. "Tíṣà, ẹ fi wò ó." Mo fi wò ó. Ojú òrùka tí mo ń yìn kún fún ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ àti kòtò, bí ọ̀nà oko tí àgbàrá ti gbá lọ.

"Kò sí góòlù tó jọ̀lọ̀," ni bàbá wí. "Ojú yín ni kò tíì dé ibẹ̀."

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ọ̀rọ̀ bàbá yìí sì bọ́ sákòókò. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ SS3 kan bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn tán kí aago tó lù. Ó ti kà á lórí fóònù rẹ̀ pé sólà tuntun kan ń bọ̀ tí wọ́n fi ìpele kan tẹ́ inú rẹ̀, ìpele ọ̀hún ò sì nípọn ju mólékù kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá wọn so sólà tilẹ̀ ti sọ fún un pé irú ẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. "Sà," ó ní, "bí nǹkan bá tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní ihò ni?"

Ó ní. Ihò kún inú rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ihò yìí ti ń da àwọn tó fẹ́ fi mólékù ṣe ẹ̀rọ láàmú, sólà sì tún ti gbé ọ̀rọ̀ náà dìde báyìí. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ kejì ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí mi ò ráyè sọ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo máa padà sórí ẹ̀.

Bí mólékù ṣe ń to ara rẹ̀

Àwọn onímọ̀ á gbóná góòlù nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, góòlù á ru bí èéfín, á bà lé gíláàsì tàbí sílíkọ́nì, á sì bò ó bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí kan náà tó wà nínú ògógóró, tí wọ́n ti po oríṣi mólékù kan sí, bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ. Mólékù yìí ní orí, ó ní ìrù. Orí rẹ̀ jẹ́ imí-ọjọ́. Ìrù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, bí wọ́n bá ṣe fẹ́ ẹ.

Imí-ọjọ́ àti góòlù fẹ́ràn ara wọn. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n ti dì mọ́ra nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mólékù á ti bo ojú góòlù. Ṣùgbọ́n kí ìrù wọn tó gún, ó lè gba wákàtí 12 sí 24. Tí wọ́n bá tò tán, gbogbo wọn á dẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní nǹkan bíi digíríì 30, bí ewé àgbàdo tí atẹ́gùn ń fẹ́. Láti orí mólékù kan sí orí èkejì, ìdajì nánómítà ni (nánómítà mílíọ̀nù kan ló wà nínú mìlímítà kan). Èyí tí ìrù rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù 16 ga tó nǹkan bíi nánómítà 2. Irun orí yín kan ṣoṣo, tí ẹ bá fẹ́ fi wé e, á tó nánómítà 50,000 sí 100,000 ní fífẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò tò wọ́n, àwọn fúnra wọn ló to ara wọn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nìyẹn, ìpele tó to ara rẹ̀, "self-assembled monolayer" lédè òyìnbó, SAM ni ìkékúrú rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ralph Nuzzo àti David Allara ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é lórí góòlù, ní 1983.

Ìpele mólékù kan ṣoṣo fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ẹni tó bá ti rẹ abọ́ tó fi jẹ ìkọ́kọrẹ́ sínú bésìnnì rí ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: epo kán sómi, ó sì tàn lọ káàkiri títí tí kò fi ṣeé rí mọ́. Arábìnrin kan ní Jámánì, Agnes Pockels, ló jókòó ti irú omi bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná wọn. Nígbà yẹn wọn kì í gba obìnrin sí yunifásítì níbẹ̀. Ó fi agolo kan ṣe àwo, ó ń wọn bí ọ̀rá ṣe ń tàn lójú omi, ó kọ lẹ́tà sí Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ní Ìlú Ọba, Rayleigh sì bá a fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1891. Bí mo bá dé ibi yìí nínú kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin ló máa ń gbé orí sókè.

Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìrù kábọ́ọ̀nù wọ̀nyí kì í gbé iná. Àmọ́ nítorí pé ìpele náà fẹ́lẹ́ gan-an, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń gbé iná, máa ń yọ́ kọjá láàárín rẹ̀ bọ́ sí òdì kejì, láì dáhò sí i, láì gba orí rẹ̀ kọjá. Ní 1974, Arieh Aviram àti Mark Ratner kọ̀wé pé èèyàn lè ṣe mólékù kan ṣoṣo tí yóò máa jẹ́ kí iná kọjá lápá kan, tí kò ní jẹ́ kó padà lápá kejì, gẹ́gẹ́ bí dáyóòdù tó wà nínú rédíò yín. Lójú ìwé lásán ni wọ́n ti ṣe é nígbà náà. Àmọ́ àlá yẹn wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: bí mólékù bá lè ṣe iṣẹ́ dáyóòdù, bó bá lè ṣe iṣẹ́ súwíìṣì, ẹ̀rọ tó kéré jù lọ láyé nìyẹn. Tí SAM bá sì ń to ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní máa fọwọ́ tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mólékù á wà láàárín irin méjì bí àkàrà láàárín búrẹ́dì.

Lórí bébà, ó dùn.

Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé

Ẹni tó bá ti lọ sí Ojúde Ọba rí á tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, rẹgbẹ́rẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jó wọlé: Gbọ́baníyì pẹ̀lú aṣọ tiwọn, Bọ́bagbìmọ̀ pẹ̀lú tiwọn. Láàárín ẹgbẹ́ kan, ìlà wọn á gún, fìlà á dọ́gba, ọwọ́ á jù sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìrù ẹgbẹ́ kan ti pàdé orí ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà níwájú ti yà sọ́dọ̀ Kábíyèsí, àwọn tẹ̀yìn ò tíì yà. Ìlà méjèèjì ò bára mu. Àlàfo wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọmọdé tó fẹ́ sáré gbé omi fún ìyá rẹ̀ ní òdì kejì á gbà.

Bí SAM náà ṣe rí nìyẹn. Ibi púpọ̀ ni àwọn mólékù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́ẹ̀kan náà lójú góòlù, agbo kọ̀ọ̀kan á sì dẹ̀gbẹ́ síbi tó wù ú. Tí agbo méjì bá wá pàdé, wọn ò ní bára dọ́gba. Ẹ̀bá agbo yìí ni ìrù ti máa ń dùbúlẹ̀, tí àlàfo ti máa ń ṣí. Bó ti wù kí wọ́n rẹ góòlù náà pẹ́ tó, ẹ̀bá kì í tán.

Èyí tó burú jùyẹn lọ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Góòlù tó ru bà lé gíláàsì kì í dúró bí ojú dígí. Hóró hóró ló máa ń wà, hóró kan fara ti èkejì, kòtò sì wà láàárín wọn. Lórí hóró kan náà, àtẹ̀gùn wà. Ìgbésẹ̀ kan àtẹ̀gùn yìí ga tó átọ́ọ̀mù góòlù kan, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́rin nánómítà. Ẹ má fojú kéré e o: mólékù tó dúró létí àtẹ̀gùn ń bá aládùúgbò rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yọ èjìká sókè sódò, wọn ò lè fara tira dáadáa. Nínú kòtò tó wà láàárín hóró méjì, kò tilẹ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú fún ẹnikẹ́ni láti dúró lé.

Mo wá fẹ́ràn èyí tó tẹ̀ lé e yìí, torí kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ STM wo ojú SAM (ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣónṣó tọ ojú nǹkan títí yóò fi ya àwòrán átọ́ọ̀mù rẹ̀, tí Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Zurich ní 1981, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1986), wọ́n rí kòtò kéékèèké káàkiri, nánómítà mélòó kan ní fífẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé inú ìpele mólékù ni ihò náà wà. Ṣùgbọ́n jíjìn gbogbo rẹ̀ dọ́gba: átọ́ọ̀mù góòlù kan, kò lé, kò dín. Góòlù ló jìn. Bí imí-ọjọ́ ṣe ń dì mọ́ ojú góòlù, ó ń fa átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan tu kúrò nílẹ̀, àyè tí àwọn yẹn sì fi sílẹ̀ á kóra jọ di kòtò. Àlejò tí wọ́n gbà sílé ló ń yọ bíríkì inú ìyẹ̀wù. Tí wọ́n bá rọra mú un gbóná díẹ̀, kòtò kéékèèké á para pọ̀ di ńlá, wọ́n á dín kù níye. Tí ooru bá wá pọ̀ jù, mólékù náà á ṣí lọ.

Ẹ fi ìdọ̀tí kún un. Garí Ìjẹ̀bú tí wọ́n kù kúnná dáadáa, òkúta kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó láti ba ẹnu jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí tí wọ́n po mólékù sí: bí ìwọ̀nba mólékù mìíràn bá bá wọn wọ̀ ọ́, tàbí tí ojú góòlù ti gba ọ̀rá láti ara afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ibẹ̀ ò ní tò dáadáa.

Ìṣirò tó ba àlá jẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, kí ló kàn? Bí ihò bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ṣé ìdá 999 tó kù ò ṣe é gbára lé ni? Ọmọ SS3 mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní omi ló ń gba inú àwọ̀n kọjá, òótọ́ ni. Àmọ́ yíyọ́kọjá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò ṣe bí omi.

Fún irú ìrù kábọ́ọ̀nù yìí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi kábọ́ọ̀nù kan péré kún gígùn rẹ̀, iná tó ń kọjá á dín kù: ẹ fi nǹkan bíi 2.7 pín in. Ẹ fi kábọ́ọ̀nù mìíràn kún un, ẹ tún fi 2.7 pín èyí tó kù. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ti fi nǹkan bíi 20,000 pín in. Ọ̀rọ̀ náà sì ń padà sẹ́yìn: níbi tí ìpele bá ti fẹ́lẹ́ tó kábọ́ọ̀nù mẹ́wàá ju ti ìyókù lọ, iná tó ń gba ibẹ̀ á jẹ́ ìlọ́po 20,000.

Ẹ wá jẹ́ ká mú tákàdá. Ká ní ihò jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ojú góòlù, tí irin òkè sì fi kábọ́ọ̀nù mẹ́wàá sún mọ́ ti ìsàlẹ̀ jù níbẹ̀. Ìyókù ojú góòlù gbogbo ń gbé iná tó jẹ́ 1. Ihò ń gbé 20,000 tí a fi 1,000 pín, ìyẹn 20. Nínú náírà 21 tó bá wọlé, ogún ti gba ihò wọlé, mólékù gbogbo tó tò bí ológun sì pín náírà kan. Ìwọ onímọ̀ wá gbé mítà sí i, o ka iná rẹ̀, o kọ̀wé sáyé pé bí mólékù mi ṣe ń gbé iná rèé. Ta lo wọ̀n?

Mo fi Èrèdò Súngbọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà. Odi ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó nǹkan bíi kìlómítà 160, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ọ̀tá tó bá fẹ́ wọlé ò ní bi yín pé báwo ni odi yín ṣe ga tó, ká pín in dọ́gba-dọ́gba. Ibi tó ti ya ló máa bèèrè. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Tó bá wá lanu níbì kan ṣoṣo, gbogbo aláǹgbá àdúgbò, ibẹ̀ ni.

Òdìkejì tún wà, tí wọn kì í sábà dárúkọ: ìdọ̀tí tàbí mólékù tó gun ara wọn lè mú kí ibì kan nípọn jù. Iyẹn kì í dùn wọ́n púpọ̀, torí ibi tó nípọn kì í gbé iná, kò sì lè tan mítà jẹ.

Àti pé a ò tíì sọ ti irin òkè. Irin ìsàlẹ̀ ni góòlù tí a ń sọ láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi irin bo orí mólékù, wọ́n mú un ru bí ti ìsàlẹ̀. Átọ́ọ̀mù irin gbígbóná wá ń já bọ́ láti òkè, wọ́n ń bọ́ sínú gbogbo àlàfo tí a ti kà sílẹ̀ yìí, wọ́n ń kan góòlù nísàlẹ̀. Òkè kan ìsàlẹ̀, wáyà kan wáyà, iṣẹ́ bàjẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá ṣe, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yè.

Oríṣiríṣi ọgbọ́n ni wọ́n ta. Àwọn kan gbé ẹ̀kán mẹ́kúrì lé e, torí mẹ́kúrì kì í ráyè wọ inú ihò tóóró bí átọ́ọ̀mù tó ń já bọ́. Ní 2008, ẹgbẹ́ George Whitesides ní Harvard gbé gálíọ̀mù àti índíọ̀mù tí wọ́n yọ́ pọ̀ jáde. Àdàlú yìí máa ń yọ́ ní nǹkan bíi digíríì 15.5, nítorí náà ní Ìjẹ̀bú níbí, omi ni yóò máa jẹ́ láti January dé December, àfi kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ó ní èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ lójú tó fi ṣeé fà gùn bí ṣónṣó, bí ìgbà tí èèyàn fa ṣíbí yọ nínú oyin. Ṣáájú ìyẹn, ní 2006, Hylke Akkerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands ti gbé nǹkan mìíràn wá: wọ́n da irú rọ́bà kan tó ń gbé iná sórí mólékù kí wọ́n tó fi irin bò ó, rọ́bà náà sì gba gbogbo átọ́ọ̀mù irin tí ì bá já bọ́ sínú ihò. Ó lé ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ṣiṣẹ́. Ihò ṣì wà níbẹ̀ o. Wọ́n kàn gbé nǹkan tí kò lè wọ̀ ọ́ lé e lórí ni.

Ẹ̀yìn góòlù ló dára

Ọgbọ́n tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, ilé ìdáná ló jọ. Ẹ ti se mọ́ínmọ́ín inú agolo rí. Ojú rẹ̀ lókè á rí gánungànun, níbi tí omi ti hó tí ata ti kóra jọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dojú agolo délẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jáde ní dídán bí ojú agolo gan-an.

Góòlù náà nìyẹn. Wọ́n á jẹ́ kó bà lé orí sílíkọ́nì tí wọ́n ti fá dán, tàbí orí máíkà, òkúta dídán kan tó máa ń ṣí bí ewé ìwé. Ojú góòlù tó kọ sókè á rí hóró hóró gẹ́gẹ́ bí a ṣe wí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò ní yà sí i rárá. Wọ́n á fi gúlúù lẹ gíláàsì mọ́ orí rẹ̀, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á wá fà á ṣí. Ẹ̀yìn góòlù, tó ti ń fara ko sílíkọ́nì láti ìgbà yìí, á bọ́ sójú. Òkè àti kòtò rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì nánómítà lọ, nígbà tí ti góòlù tí wọn ò yí padà lè tó nánómítà mélòó kan. Ó sì máa ń jẹ́ tuntun: ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n á tó ṣí i, kí afẹ́fẹ́ tó ráyè bà á jẹ́.

Ní 2007, àwọn ará Harvard kan náà fi fàdákà tí wọ́n ṣí báyìí wé fàdákà lásán, pẹ̀lú mólékù kan náà lórí méjèèjì àti mẹ́kúrì lókè. Lórí fàdákà lásán, iná tí wọ́n ń wọ̀n ń fò sókè sódò láti ibì kan sí ibòmíràn, wáyà sì ń kan wáyà lemọ́lemọ́. Lórí èyí tó dán, nọ́ńbà wọn sún mọ́ra. Mólékù ò yí padà. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ló yí padà. Ní tèmi, àfiwé yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ gbogbo ọmọ tó bá wọ yàrá ìwádìí, kó tó di pé wọ́n fi mítà lé e lọ́wọ́.

Kí ẹ má sì rò pé ihò kò wúlò rárá. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, tí Paul Weiss àti David Allara tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú wọn, mọ̀ọ́mọ̀ fi mólékù tó ń gbé iná sínú SAM tí kì í gbé e. Ibo ni wọ́n ti rí àyè fi í sí? Ẹ̀bá agbo, létí àtẹ̀gùn, níbi tí àlàfo ti wà. Mólékù àjèjì yìí dúró ṣánṣán láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n sì fi STM wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbé iná ju àwọn tó yí i ká lọ.

Ibi ọ̀rọ̀ yìí náà ni ọkùnrin kan ti já wọn kulẹ̀. Ní 2001, Jan Hendrik Schön ní Bell Labs ní òun ti fi SAM ṣe tiransísítọ̀, ìyẹn súwíìṣì inú kọ̀ǹpútà. Ìròyìn ẹ̀ gba gbogbo ayé. Ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn Science fi àyíká iná tí wọ́n ń fi irú nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ṣe ṣe àṣeyọrí ọdún. Àwọn ẹlòmíràn gbìyànjú títí, wọn ò rí i ṣe. Èyí ni ibi tí ihò ti ṣe Schön lóore fúngbà díẹ̀: gbogbo èèyàn mọ̀ pé SAM máa ń bàjẹ́, ẹni tí tirẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ á rò pé góòlù òun ni kò dán tó. Nígbà tó yá, àwọn kan ṣàkíyèsí pé àwòrán kan náà ló ń lò fún ìdánwò tó yàtọ̀ síra. Ìgbìmọ̀ tí Malcolm Beasley ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní September 2002 pé ó ti ṣe àyédèrú, wọ́n sì fa àwọn ìwé rẹ̀ yọ.

Sólà ńkọ́?

Sólà tó pọ̀ jù lórí òrùlé wa, sílíkọ́nì ni. Sílíkọ́nì nìkan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá bà lé e, kò lè sọ ju nǹkan bíi 29 lọ di iná, bó ti wù kí wọ́n ṣe é dáadáa tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé nǹkan mìíràn, oríṣi kírísítà kan tí wọ́n ń pè ní perovskite, lé e lórí. Perovskite á mu apá kan ìmọ́lẹ̀, sílíkọ́nì á mu ìyókù. Ní 2020, ilé ìwádìí HZB ní Berlin kéde 29.15 nínú ọgọ́rùn-ún, ní 2024, ilé-iṣẹ́ LONGi ní Ṣáínà kéde 34.6. Ìpele mólékù kan ṣoṣo tí ọmọ mi kà nípa rẹ̀ wà lábẹ́ perovskite nínú ti Berlin yẹn.

Mólékù ibí yìí yàtọ̀ sí ti góòlù. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dípò imí-ọjọ́, ilẹ̀ tó sì dúró lé ni ITO, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí índíọ̀mù àti táánganran wà nínú rẹ̀, tó ń gbé iná, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gbà kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ náà yàtọ̀. Níbi ti góòlù, wọ́n fẹ́ mọ iye tó yọ́ kọjá. Níbi ti sólà, wọ́n fẹ́ kó máa gba irú iná kan kọjá wẹ́rẹ́, kó sì dá irú kejì padà, bí gétímáànù ẹnu ọ̀nà àpèjẹ.

Àmọ́ ìṣòro ilẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ojú ITO rí gánungànun, ibi tí ẹsẹ̀ mólékù lè dì mú kò sì pọ̀ dọ́gba káàkiri. Àwọn mólékù náà tún máa ń kóra jọ di òkìtì nínú omi tí wọ́n po wọ́n sí, kí wọ́n tó dé ilẹ̀ rárá. Ibi kan á nípọn, ibi kan á ṣófo. Níbi tó bá ṣófo, perovskite á fara kan ITO tààrà, gétímáànù ò sí níbẹ̀, iná tó yẹ kó jáde síta á pàdé èkejì rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á pa ara wọn, ooru lásán ló máa kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po mólékù méjì pọ̀ báyìí, kí èyí tó kéré máa dí àyè tí èyí tó tóbi fi sílẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń tún ojú ITO fúnra rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó fi mólékù bò ó. Èyí tí wọ́n bá ṣe ní ìwọ̀n èékánná nínú yàrá ìwádìí máa ń dára ju èyí tó tó ilẹ̀kùn lọ, torí ibi tí ilẹ̀ bá ti fẹ̀, àyè ihò ti pọ̀ síbẹ̀.

Oòrùn àti ọ̀rinrin náà wà ńlẹ̀. Ti imí-ọjọ́ lórí góòlù, bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán, láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan afẹ́fẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ imí-ọjọ́ rẹ̀, àti ibi àbùkù ló sì ti ń kọ́kọ́ wọlé. Ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lágbára jùyẹn lọ. Síbẹ̀ orí páànù Ìjẹ̀bú lọ́sàn-án March kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dẹ mólékù lára.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó ní irú ẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Fọlágbadé. Mo ní kí ọmọ náà pè é lórí fóònù lójú mi, kó ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn sólà ọ̀hún fún wa. A gbọ́ tó ń fa páálí ya.

"Ẹ kú iṣẹ́, Sà. Òun ló wà níbí o. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Mono."

Mo ní kó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń sípẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. "Mono... crystalline."

"Sílíkọ́nì tí wọ́n gé láti ara kírísítà kan ṣoṣo nìyẹn," mo ní. "Sólà gidi ni, ẹ máa tà á lọ. Ẹ kàn má sọ fún oníbàárà mọ́ pé mólékù kan ló wà nínú ẹ̀."